Ojú ẹni tí wọ́n tà: bí a ṣe lè mú akọni tó bá òwò ẹrú jà dé orí náírà

Ọjọ́ kejì oṣù keje ọdún 1979 ni Herbert Macaulay dé orí owó náírà kan. Abigail Crowther ni ìyá tó bí i, Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther sì ni baba ìyá rẹ̀. Láti ìgbà náà ni ọmọ-ọmọ ti wà lára owó. Baba àgbà tí wọ́n kó lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821, tí wọ́n fi ṣe pàṣípààrọ̀ ẹṣin, tí wọ́n tà láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí tó fi bọ́ sọ́wọ́ àwọn Pọtogí ní Èkó, tó padà wálé tó sì bá òwò náà jà, kò tíì dé ibẹ̀. Bí ẹ bá ka gbogbo orúkọ tó ti wà lára owó Nàìjíríà láti 1977, ẹ ó bá olórí ìjọba, olóṣèlú, olùkọ́, ọ̀gá báǹkì àti amọ̀kòkò kan. Ẹ ò ní bá ẹnì kan tí wọ́n gbé síbẹ̀ nítorí pé ó dojú ìjà kọ òwò ẹrú.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ ọmọ Iléṣà, tilé toko, ni mo ń kọ èyí sí. Ìlú Òṣómàáló mọ owó wá, ó mọ owó kà, ó mọ̀ ọ́n gbà lọ́wọ́ ajigbèsè. Ó yẹ kí a mọ bí wọ́n ṣe ń yan orí tó wà lára rẹ̀ pẹ̀lú. Ohun tí mo rí nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé fáìlì ló ń gbé ènìyàn dé orí owó ju òkìkí lọ. Ẹni tí ìwé rẹ̀, fọ́tò rẹ̀ àti ọjọ́ ìrántí rẹ̀ ti pé nílẹ̀ kí ìjọba tó kéde pé òun fẹ́ tún owó yà, òun ni wọ́n máa ń rí mú. Ẹni tí àwọn èèyàn rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá ìwé kiri lẹ́yìn ìkéde ti pẹ́ dé.

Àwọn kan á ní kí ló dé tó fi jẹ́ owó ni a ń lé, ṣebí a lè mọ ère, ṣebí a lè fi orúkọ sọ títì. Owó ni wọ́n fi ra àwọn ènìyàn wọ̀nyí. Láyé ìgbà náà, ogójì owó ẹyọ ló ń wà lórí okùn kan, àádọ́ta okùn jẹ́ ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá jẹ́ ọ̀kẹ́ kan, ìyẹn 20,000 ẹyọ. Erékùṣù Maldives ní Òkun Íńdíà ni àwọn oníṣòwò Yúróòpù ti ń fi ọkọ̀ kó o wá sí etíkun wa, ènìyàn ni wọ́n sì ń fi rà. Kí ojú ẹni tí wọ́n fi owó rà wá di ojú owó, ère kò lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, ère dúró sójú kan, owó ń rìn. Láti ọjọ́ kọkànlá oṣù kejì 1977 tí Murtala Muhammed ti dé orí ogún náírà, ogún náírà ti di múrí lẹ́nu àwọn èèyàn, títí kan ọmọ tí a bí lẹ́yìn ikú rẹ̀ tí kò mọ ẹni tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀.

Àwọn ìlú tó ti ṣe é

Jàmáíkà ló ṣe é dáadáa jù lójú mi. Ní 1988 ni Sam Sharpe dé orí $50 wọn. Oníwàásù ìjọ Bàptíìsì ni, ẹrú sì ni. Òun ló kó àwọn ẹrú jọ nígbà Kérésìmesì 1831 pé àwọn ò ṣiṣẹ́ mọ́ àyàfi bí wọ́n bá san owó iṣẹ́ fún àwọn. Wọ́n yẹgi fún un ní Montego Bay ní ọjọ́ 23 oṣù karùn-ún 1832. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni ilé aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí òfin tó fòpin sí oko ẹrú nínú ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tó wà lábẹ́ wọn. Ní 1994 Nanny, ìyá tó ṣáájú àwọn ẹrú tó sá lọ sórí òkè Blue Mountains, dé orí $500, Nanny sì ni àwọn ará ibẹ̀ ń pe owó náà títí di òní. Nígbà tí wọ́n yí owó wọn sí onírọ́bà ní 2023, wọ́n gbé Sam Sharpe lọ bá a lórí $500 kan náà. Ẹ ṣàkíyèsí èyí: wọn kò lé ẹnikẹ́ni dànù, wọ́n fún àwọn méjèèjì láyè lójú kan.

Ní Hàítì, tí àwọn ẹrú fúnra wọn ti jà gba òmìnira ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1804, kò yani lẹ́nu pé àwọn olórí ogun ló kún owó wọn: Toussaint Louverture, Dessalines, Christophe. Ṣùgbọ́n nígbà tí òmìnira náà pé igba ọdún ní 2004, wọ́n fi Sanité Bélair sórí gourdes 10. Jagunjagun obìnrin ni, àwọn Faransé sì pa á ní oṣù kẹwàá 1802.

Èyí tó sún mọ́ wa jù ni ti Sierra Leone. Sengbe Pieh, ọmọ Mẹ́ńdè, ló wà lórí leone 5,000 wọn kí wọ́n tó yọ òdo mẹ́ta kúrò lára owó wọn ní 2022. Ní 1839 ó kó àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sòdí, wọ́n gba ọkọ̀ Amistad mọ́ àwọn tó rà wọ́n lọ́wọ́ nítòsí Kúbà. Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹta 1841, ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ ní Amẹ́ríkà dá wọn sílẹ̀, àwọn 35 tó ṣẹ́kù sì gúnlẹ̀ sí Sierra Leone ní oṣù kìíní 1842. Ohun tó mú kí iṣẹ́ tirẹ̀ rọrùn fún àwọn ayàwòrán owó ni pé Nathaniel Jocelyn ti fi ọ̀dà kun àwòrán rẹ̀ nígbà tó wà láàyè ní New Haven. Nanny ti Jàmáíkà kò ní irú rẹ̀. Ayàwòrán ló finú wòye ojú tó wà lórí $500. Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì, n ó sì padà síbẹ̀.

Ohun tó dá Harriet Tubman dúró

Ọ̀rọ̀ Tubman ní Amẹ́ríkà ló kọ́ni jù, nítorí pé gbogbo ohun tó lè fa ìdádúró ló pàdé níbẹ̀. Inú oko ẹrú ni wọ́n bí i sí ní Maryland ní nǹkan bí 1822. Ó sá lọ ní 1849, lẹ́yìn náà ó padà síbẹ̀ nígbà bí 13, ó sì kó ènìyàn bí 70 jáde. Ní oṣù kẹfà 1863, nígbà ogun abẹ́lé wọn, ó ṣe amọ̀nà àwọn ọmọ ogun gba odò Combahee ní South Carolina, ènìyàn tó lé ní 700 sì jáde kúrò lóko ẹrú ní ẹ̀ẹ̀kan náà. Nígbà tó darúgbó, láti 1899, $20 lóṣù ni ìjọba ń san fún un. Orí $20 náà ni wọ́n wá ní àwọn fẹ́ gbé e sí, ní ipò Andrew Jackson, ààrẹ tó ní ẹrú tó lé ní ọgọ́rùn-ún, tó sì ti wà níbẹ̀ láti 1928.

Jack Lew, mínísítà ìṣúná wọn, kéde rẹ̀ ní ọjọ́ 20 oṣù kẹrin 2016. Ní oṣù karùn-ún 2019, mínísítà mìíràn sọ fún àwọn aṣòfin pé ọ̀rọ̀ àwòrán yẹn di nǹkan bí 2028. Ní oṣù kìíní 2021, ìjọba tuntun ní àwọn á mú un yá. Kí ló fà á? Àkọ́kọ́, ayédèrú ló ń pinnu owó tí wọ́n á kọ́kọ́ tún yà, àwòrán kọ́. Ìlà tí wọ́n tò ni $10 ní 2026, $50 ní 2028, $20 ní 2030. Èkejì, ẹjọ́ kan tí wọ́n dá ní 2008 ní dandan kí wọ́n fi àmì tí afọ́jú lè fọwọ́ bà mọ̀ sára owó, èyí sì gba ẹ̀rọ tuntun. Ẹ̀kẹta ló burú jù: ìkéde mínísítà ni, kì í ṣe òfin. Ohun tí mínísítà kan fi ẹnu sọ, mínísítà mìíràn lè fi ẹnu dá a dúró.

Àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ wá gba ọ̀nà kejì. Ní oṣù kẹjọ 2022, òfin fọwọ́ sí owó kọ́ìn ìrántí fún un. Nígbà tó fi máa di oṣù kìíní 2024, kọ́ìn náà ti wà lọ́jà: kò gbọdọ̀ ju 50,000 lọ fún ti wúrà, 400,000 fún ti fàdákà, 750,000 fún ààbọ̀ dọ́là. Lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọ́n fi $35, $10 tàbí $5 kún iye rẹ̀, owó èlé yìí sì ń lọ sí ilé ìrántí rẹ̀ ní Auburn àti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan ní Cincinnati. Kò pé ọdún méjì tí ìrántí fi jáde, nígbà tí Jackson ṣì jókòó sórí $20 lẹ́yìn gbogbo ariwo 2016.

Ta ló láṣẹ ní Nàìjíríà?

Òfin CBN ti 2007 ni kí ẹ gbé síwájú. Abala 17 sọ pé Báǹkì Àpapọ̀ nìkan ló lè ṣe owó jáde. Abala 19 sọ pé ìgbìmọ̀ olùdarí báǹkì náà ló ń dábàá bí owó ṣe máa rí, Ààrẹ ló sì ń fọwọ́ sí i. Ó tán. Kò sí ilé aṣòfin nínú rẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún àwọn tó ń gbèrò láti kó gbogbo agbára wọn lé àbá nílé ìgbìmọ̀ aṣojú pé àbá yẹn kò ju ìrọni lọ. Ó dára kí ó wà nínú fáìlì, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni ilẹ̀kùn.

Ẹ wo bí àkókò ṣe kúrú tó. Ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá 2022 ni CBN kéde pé òun ń yí ₦200, ₦500 àti ₦1,000 padà. Ọjọ́ 23 oṣù kọkànlá ni Ààrẹ ṣí aṣọ lójú wọn. Ọjọ́ 15 oṣù kejìlá ni wọ́n bọ́ sóde. Àádọ́ta ọjọ́ péré ni. Àwọn orí àtijọ́ ni wọ́n lò, àwọ̀ ni wọ́n yí padà, nítorí kò sí ẹni tó lè fín ojú tuntun sára irin tí wọ́n fi ń tẹ owó láàárín irú àkókò bẹ́ẹ̀. Ohun tó tẹ̀ lé e ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, ẹni tó bá tò lẹ́yìn ẹ̀rọ ATM ní Iléṣà tàbí tó ra owó lọ́wọ́ oní-POS kò nílò kí n rán an létí. Ọjọ́ 3 oṣù kẹta 2023 ni ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ tó ní kí a máa ná owó àtijọ́ lọ. Ẹ̀rù yẹn ṣì wà lára àwọn ènìyàn. Ẹni tó bá lọ sọ fún ìjọba lónìí pé kí wọ́n tún pa owó kan rẹ́ nítorí akọni òun yóò pàdé àtakò kí wọ́n tó ka ojú ìwé kejì.

Nítorí náà, ọ̀nà ìrántí ni kí a tọ̀. Ó ti ṣẹlẹ̀ rí lọ́dọ̀ wa: ₦50 ìrántí jáde ní 2010 nígbà tí òmìnira pé àádọ́ta ọdún, ₦100 ìrántí sì jáde ní 2014 fún ọgọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n so àríwá àti gúúsù pọ̀. À ń ná a pẹ̀lú ti àtijọ́, kò sì pa ẹnikẹ́ni lára. Owó ìrántí máa ń so mọ́ ọjọ́ kan tó pé, a sì ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ níwájú. Bíbélì Yorùbá odindi tí Crowther ṣe agbátẹrù rẹ̀ parí ní 1884. Yóò pé 150 ọdún ní 2034. Àdéhùn àlàáfíà ogun Kírìjì wáyé ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án 1886. Yóò pé 150 ní 2036. Ẹni tó bá fẹ́ 2034 ní láti ní fáìlì tó pé lọ́wọ́ ní ọdún mẹ́ta ṣáájú, ó kéré tán.

Ta la ó fi síwájú?

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti ń le, òótọ́ ni mo sì fẹ́ sọ. Ìbéèrè mẹ́ta ni mo ń fi wọn ẹni kọ̀ọ̀kan: ṣé ó bá òwò ẹrú jà ní tòótọ́, ṣé òun náà kó ènìyàn lẹ́rú, ṣé ìwé àti àwòrán rẹ̀ wà?

Iléṣà á kọ́kọ́ pe Ògèdèǹgbé. Ó tọ́ kí a pè é. Òun ló léwájú Èkìtìparapọ̀ nínú ogun Kírìjì, láti bọ́ àjàgà àwọn ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn kúrò lọ́rùn Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì, ó sì ṣe é. Ó di Ọbańlá, ó kú ní 1910. Ṣùgbọ́n kí Kírìjì tó dé, ó ti kó ogun lọ bá àwọn ìlú kan, ó sì kó ènìyàn lẹ́rú bí àwọn balógun ìgbà rẹ̀ ṣe ń ṣe. Bí a bá gbé e síwájú lórúkọ òmìnira Ìjẹ̀ṣà, mo fọwọ́ sí i. Bí a bá gbé e síwájú lórúkọ ìjà òwò ẹrú, ọjọ́ kan péré ni òpìtàn kan á fi já a, fáìlì náà á sì kú. Madam Tinúbú kò tilẹ̀ yẹ lábẹ́ àkòrí yìí, torí òun náà ṣòwò ẹrú. Mọrèmi ti Ilé-Ifẹ̀ fi ara rẹ̀ fún ìkólọ nítorí ìlú, ìtàn ńlá ni, àmọ́ ó ti ṣẹlẹ̀ tipẹ́ ṣáájú òwò òkun, kò sì sí déètì tí ìgbìmọ̀ báǹkì lè dì mú.

Ẹni tó yẹ kí Ìjẹ̀ṣà mọ̀ ju bí a ti mọ̀ ọ́n lọ ni Frederick Kúmókun Haastrup. Ọmọ ọba ni, wọ́n kó o lẹ́rú léwe, ó gba òmìnira ní Sàró (Sierra Leone), ó padà wá ṣòwò, ní 1896 ó sì gun orí ìtẹ́ Ọwá Obòkun gẹ́gẹ́ bí Ajímókò Kìíní. Ẹni tí wọ́n tà padà wá jọba ìlú tí wọ́n ti kó o lọ. Òun ni mo fẹ́ rí ní ẹ̀yìn owó náà, pẹ̀lú àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà mìíràn tó padà láti Sàró àti Brazil, tí wọ́n dá ẹgbẹ́ Èkìtìparapọ̀ sílẹ̀ ní Èkó tí wọ́n sì ń fi ìbọn àti ìmọ̀ràn ran ilé lọ́wọ́.

Níwájú, Crowther ni. Kì í ṣe ọmọ Ìjẹ̀ṣà, a gbọ́dọ̀ gbà bẹ́ẹ̀, kí a sì bá àwọn ará Òṣogùn àti agbègbè Ìsẹ́yìn sọ̀rọ̀ kí a tó kọ lẹ́tà kankan. Fáìlì rẹ̀ ló lágbára jù ní gbogbo ilẹ̀ Yorùbá. A mọ orúkọ ọkọ̀ tó gbé e, Esperança Felix. A mọ ọkọ̀ ogun tó gbà á sílẹ̀, Myrmidon, a sì mọ ọjọ́ rẹ̀: 7 oṣù kẹrin 1822. Ní 1837 ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ lẹ́tà lórí bí wọ́n ṣe kó o. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ 1846 ó tún rí ìyá rẹ̀, Àfàlà, ní Abẹ́òkúta, lẹ́yìn ọdún tó lé ní ogún. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà 1864 ó di bíṣọ́ọ̀bù. Ó kú ní Èkó ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá 1891. Àtakò tó máa dé ni pé ní 1851 ó lọ bá àwọn aláṣẹ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ̀rọ̀ lórí òwò ẹrú Èkó, wọ́n sì yìnbọn lu Èkó lópin ọdún yẹn, ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà Èkó di ti wọn. Ẹ má fi èyí pamọ́. Ẹ kọ ọ́ sí ojú ìwé kejì fúnra yín, kí ó tó di pé ẹlòmíràn kọ ọ́ sí ìwé ìròyìn.

Ohun tí fáìlì gbọdọ̀ ní

Ojú ìwé méjì fún àlàyé, kò gbọdọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀rí tó kù ni kí ẹ fi sẹ́yìn. Gbogbo déètì ní láti ní ìwé tó gbè é lẹ́sẹ̀. Ìwé ìjọ CMS, tí lẹ́tà Crowther àti ti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wà nínú rẹ̀, wà ní yunifásítì Birmingham. Ilé àkójọ ìwé ìjọba wà nínú ọgbà yunifásítì Ìbàdàn. Fún ẹni tó wà ní Iléṣà, Ilé-Ifẹ̀ ni kí ó ti bẹ̀rẹ̀, ní ilé ìkàwé Hezekiah Oluwasanmi, nítorí pé ọ̀pọ̀ ìwé táwọn òpìtàn ti kọ lórí Ìjẹ̀ṣà àti Kírìjì wà níbẹ̀, owó ọkọ̀ rẹ̀ kò sì wọ́n.

Ti àwọn Ìjẹ̀ṣà tí orúkọ wọn kò sí nínú ìtàn yàtọ̀. Nígbà tí ọkọ̀ ogun bá gba ẹrú sílẹ̀, akọ̀wé ní Freetown tàbí Havana máa ń kọ orúkọ, ọjọ́ orí, gíga àti àmì ara ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú ìwé ńlá. Orúkọ 91,491 nínú wọn wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì báyìí, lórí ìkànnì African Origins, ọ̀fẹ́ ni. Ohun tó ń da àwọn tó ń wá a láàmú ni pé etí Òyìnbó ni akọ̀wé fi gbọ́ orúkọ. Kò sí àmì ohùn, kò sí ẹ̀ tàbí ọ̀, kò sí ṣ. "Gb" lè di "b" lásán, "Ọ" ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ lè di "Aw" tàbí kí ó pòórá. Ẹ pe orúkọ náà sókè, kí ẹ wá a ní ìkọsílẹ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún. Níbi tí wọ́n bá kọ ilà ojú sílẹ̀, ẹ pe àgbà tó mọ ilà Ìjẹ̀ṣà yàtọ̀ sí ti Ọ̀yọ́ kí ó bá yín wò ó, torí orúkọ Yorùbá nìkan kò lè sọ ìlú.

Ẹ má bù mọ́ iye. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n ń sọ pé Tubman kó 300 ènìyàn jáde ní ìrìn 19. Nígbà tí àwọn òpìtàn yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n bá 70 ní ìrìn bí 13. Iṣẹ́ rẹ̀ kò dín kù, ṣùgbọ́n àwọn tí kò fẹ́ ẹ rí nǹkan dì mú.

Ìyókù ni fọ́tò, òun sì ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ kì í kà sí. Fọ́tò tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ páálí láyé Crowther kò ju sẹ̀ǹtímítà 6 ní 9 lọ, ojú ẹni tó wà nínú rẹ̀ lè má ju sẹ̀ǹtímítà kan àti díẹ̀. Bí ẹ bá fi ẹ̀rọ yà á ní 300 dpi (iye tó-tó tí ẹ̀rọ ń yà lórí ínǹṣì kan), ojú náà á jẹ́ nǹkan bí píkísẹ́lì 150 péré ní fífẹ̀. Ẹni tó ń fín in kò ní rí ìpéǹpéjú. Ní 1,200 dpi, ó sún mọ́ 600, ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti lè bẹ̀rẹ̀. Ẹ gba ẹ̀dà rẹ̀ lọ́wọ́ ilé tó ni í, pẹ̀lú ìwé àṣẹ. Ẹ má mú un láti Facebook, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ kọ̀ǹpútà kankan fi ẹ̀rọ "mú un dán", nítorí ẹ̀rọ náà á dá ojú tuntun sílẹ̀, a ò sì ní mọ ojú ta ni.

Ẹ mú ₦1,000 kan, kí ẹ fi èékánná rọra họ orí àwọn ọkùnrin méjèèjì tó wà níbẹ̀, Mai-Bornu àti Isong, àwọn gómìnà CBN àtijọ́. Ó ń họ èékánná, nítorí pé irin tí wọ́n fín ni wọ́n fi tẹ ọ̀dà náà sókè lórí bébà. Ilà àti tó-tó-tó ni gbogbo ojú yẹn. Ẹ gbé e sókè sí oòrùn, ẹ ó rí ojú mìíràn tó yọ nínú bébà. Ojú akọni yín ní láti lè di méjèèjì. Fọ́tò tí ìmọ́lẹ̀ ti wá láti ẹ̀gbẹ́ kan ló dára jù, tó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan hàn tí èkejì sì ṣú díẹ̀. Àwọn ayafọ́tò ìgbà náà kì í sábà ṣètò ìmọ́lẹ̀ fún àwọ̀ dúdú, nítorí náà ọ̀pọ̀ fọ́tò fi ojú àwọn baba wa sílẹ̀ bíi èédú. Tí wọ́n bá fín in bẹ́ẹ̀, ó máa di àbàwọ́n. Irun funfun Crowther àti apá aṣọ bíṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tó wú jẹ́ àǹfààní ńlá, torí ilà ń hàn dáadáa lórí wọn. Fún ọ̀ṣọ́ etí owó, owó ẹyọ tí a tò lórí okùn ni mo máa dábàá, ogójì gẹ́lẹ́, bí ààyè bá gbà á.

Iye owó wo? Ẹ má béèrè fún owó kékeré. Macaulay fúnra rẹ̀ ni ẹ̀rí: náírà kan di kọ́ìn ní 1991, wọ́n tún un ṣe ní 2007 pẹ̀lú àádọ́ta kọ́bọ̀ àti náírà méjì, ṣùgbọ́n ọjà kò gbà á. Ọ̀wọ́n-gógó ti gbé e lọ kúrò lójú ayé. ₦100 ni mo rò pé ó kéré jù tí a lè bọ̀ sí. Ẹ má sì ní kí wọ́n yọ ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ tí ẹ bá dárúkọ ẹni tí ẹ fẹ́ kí ó sọ̀ kalẹ̀, ìjà ẹ̀yà dé. Ẹ̀yìn owó kì í ṣe ibi ìtìjú. Ẹ̀yìn ₦20 ni Ladi Kwali amọ̀kòkò wà láti 2007, obìnrin kan ṣoṣo tí wọ́n dárúkọ lára owó wa.

Bí owó bá pẹ́ jù, sítáǹpù wà. Nígbà tí òfin tó fòpin sí òwò ẹrú Gẹ̀ẹ́sì pé 200 ọdún ní 2007, Equiano, ọmọ Ígbò tó fi £40 ra ara rẹ̀ ní 1766, wà lórí sítáǹpù wọn, ṣùgbọ́n lórí kọ́ìn £2 ti ọdún náà, ẹ̀wọ̀n tó já ni wọ́n yà, kò sí ojú akọni kankan níbẹ̀.

Gómìnà CBN ni kí ẹ kọ lẹ́tà sí, kí ẹ̀dà kan lọ sí ẹ̀ka Òṣogbo, kí lẹ́tà ààfin Ọwá àti ti àwọn ará Òṣogùn wà lókè rẹ̀. Ẹ gba òǹtẹ̀ àti déètì lórí ẹ̀dà tiyín kí ẹ tó kúrò níbẹ̀. Ọdún márùn-ún ni sáà gómìnà náà. Nígbàkígbà tí ẹni tuntun bá dé, ẹ tún fáìlì náà tẹ̀, kí ẹ fi ẹ̀dà lẹ́tà àkọ́kọ́ tó ní òǹtẹ̀ sí iwájú, kí ẹ sì tún un gbé lọ.